Èémí Tó Ń Jó Àjórẹ̀yìn

Láti nǹkan bí ọmọ ọdún 25 tàbí 30 ni èémí ọmọ ènìyàn ti ń dín kù. Kì í ṣe àrùn, bí ara ṣe rí ni. Bí ọ̀dọ́kùnrin kan tí ara rẹ̀ le bá fa èémí sínú dáadáa, tó fi ẹnu bo ọ̀pá ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn èémí, tó sì fi gbogbo agbára fẹ́ ẹ, afẹ́fẹ́ bíi lítà mẹ́rin ni yóò jáde láàárín ìṣẹ́jú àáyá àkọ́kọ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, iye yẹn yóò máa fi nǹkan bíi mìlílítà 30 dín lọ́dọọdún. Mìlílítà 30 kò ju ṣíbí ìjẹun ńlá méjì lọ. Ẹni tó ń pàdánù rẹ̀ kò ní fura, torí pé ẹ̀dọ̀fóró tí a bí mọ́ wa pọ̀ ju èyí tí a fi ń rìn lọ sọ́jà tí a fi ń rìn bọ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń darúgbó kùjọ́kùjọ́ tí èyí tó ṣẹ́ kù nínú àyà wọn ṣì ń tó wọn í lò.

Ní 1977 ni Charles Fletcher àti Richard Peto tẹ ìwádìí kan jáde tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí ye ayé. Fún ọdún mẹ́jọ ni wọ́n fi wọn èémí àwọn ọkùnrin òṣìṣẹ́ tó lé ní 700 ní Lọ́ńdọ̀nù léraléra. Ohun tó hàn níbẹ̀ ni pé kí a wọn èémí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kò sọ púpọ̀ fún ni. Ẹni méjì lè fẹ́ lítà mẹ́ta lónìí, kí ọ̀kan máa sọ̀ kalẹ̀ jẹ́jẹ́, kí èkejì sì ti máa já lulẹ̀ ní ìlọ́po méjì eré tirẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó ń mu sìgá ni ìjábọ̀ wọn yá jù. Bí wọ́n bá jáwọ́, èémí wọn á padà sí dídín kù jẹ́jẹ́ bíi ti ẹgbẹ́ wọn, ṣùgbọ́n èyí tó ti lọ ti lọ nìyẹn. Ó yẹ kí a fi èyí sọ́kàn kí a tó dé orí àrùn tí àpilẹ̀kọ yìí dá lé, nítorí pé kò sí ohun tó fi ìtúmọ̀ ìjórẹ̀yìn hàn tó o: àìtó purotéènì kan tí wọ́n ń pè ní alpha-1 antitrypsin, èyí tí ènìyàn ń jogún lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, tó sì ń ba ẹ̀dọ̀fóró àti ẹ̀dọ̀ jẹ́.

Ìlú Malmö ní gúúsù Swídìn ni wọ́n ti rí i. Carl-Bertil Laurell ni ọ̀gá ilé àyẹ̀wò ní ilé ìwòsàn ìlú náà. Lára iṣẹ́ ojoojúmọ́ ibẹ̀ ni kí wọ́n mú omi ara ẹ̀jẹ̀, èyí tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ pupa rẹ̀ kúrò, kí wọ́n kán an sórí ìwé tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí wọ́n wá fi iná mànàmáná wọ́ àwọn purotéènì inú rẹ̀ lọ. Kálukú wọn ló ní bí ó ṣe ń yára tó. Bí wọ́n bá rẹ ìwé náà sínú aró, ìlà-ìlà ni yóò yọ: albumin á dúdú kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀ níwájú, ìlà alpha-1 tó tín-ín-rín á tẹ̀ lé e, àwọn yòókù á tò sẹ́yìn. Nínú nǹkan bí 1,500 irú ìwé bẹ́ẹ̀ tí Laurell yẹ̀ wò, márùn-ún ni kò ní ìlà alpha-1. Ẹlòmíràn ì bá ní ìwé ló bàjẹ́, kó ju ú nù, kó sì mú òmíràn. Laurell kò ṣe bẹ́ẹ̀. Òun àti dókítà kan tó ṣì kéré lọ́jọ́ orí, Sten Eriksson, lọ wá ìdí àwọn tó ni ẹ̀jẹ̀ náà. Mẹ́ta nínú àwọn márààrún ló ní emphysema, ìyẹn àrùn tí àwọn àpò afẹ́fẹ́ inú ẹ̀dọ̀fóró fi máa ń já wọnú ara wọn, wọn kò sì tíì dàgbà tó ẹni tí irú rẹ̀ ń ṣe. Ìdílé ẹnì kan nínú wọn ti mọ àrùn náà dáadáa. Wọ́n kọ ọ́ jáde ní 1963. Mo fẹ́ràn ìtàn yìí ju ọ̀pọ̀ ìtàn ìṣègùn lọ, torí pé ohun tí kò sí níbẹ̀ rárá ni Laurell rí.

Kí ni purotéènì náà ń ṣe nínú ara? Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, bíi gíráàmù méjì lóòjọ́, tó sì ń dà á sínú ẹ̀jẹ̀. A kò lè lóye iṣẹ́ rẹ̀ láìkọ́kọ́ mọ ẹni tó ń bá wọ̀yá ìjà. Nígbàkúùgbà tí kòkòrò àrùn bá wọ inú àyà, sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní neutrophil ló máa ń kọ́kọ́ débẹ̀. Lára ohun ìjà tó ń gbé kiri ni ẹ́ńsáìmù kan, elastase, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ kó máa gé purotéènì wẹ́lẹwẹ̀lẹ. Ó dára kó gé ti kòkòrò. Ìyọnu ibẹ̀ ni pé elastase kò mọ ti ilé yàtọ̀ sí ti oko. Ó ń gé elastin pẹ̀lú, ìyẹn okùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀dọ̀fóró fẹ̀ nígbà tí a bá mí sínú, kó sì sún kì padà nígbà tí a bá mí síta. Àwọn àpò afẹ́fẹ́ inú àyà àgbàlagbà lé ní 300 mílíọ̀nù, ara wọn fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Bí elastase bá jẹ ògiri àárín àpò méjì, àpò kan ṣoṣo tó tóbi tó sì dẹ̀ ni yóò kù. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ ti ń gba afẹ́fẹ́ á wá dín kù. Afẹ́fẹ́ tó bá wọlé náà kò ní rí ohun tí yóò tì í jáde. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ẹni tí emphysema ń ṣe kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣòro fún láti mí sínú; mímí síta ni ogun rẹ̀.

Ìyẹn ni antitrypsin wà fún. Iṣẹ́ tí Robin Carrell àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ní Cambridge, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2000, ló fi ọ̀nà tó ń gbà ṣiṣẹ́ hàn kedere, kò sì sí ohun tí a lè fi wé ju ẹ̀bìtì lọ. Okùn kan yọ síta lára purotéènì náà, ó dúró gẹ́gẹ́ bí ìjẹ. Elastase á bù ú jẹ. Bó ti ń gé e báyìí ni okùn náà á já padà sínú ara purotéènì, á gbé elastase fò láti òkè dé ìsàlẹ̀, á sì fún un mọ́lẹ̀ débi pé kò ní lè gé ohunkóhun mọ́. Àwọn méjèèjì ni yóò jọ di pàǹtírí tí ara máa kó dànù. Ẹ̀bìtì yìí kì í pa ju ẹyọ kan lọ, wọn kì í sì í dẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Nítorí náà, ààbò ẹ̀dọ̀fóró kì í ṣe ohun tí a ní lẹ́ẹ̀kan tí a sì ti ní in tán. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ná an, ojoojúmọ́ ló sì yẹ kí ẹ̀dọ̀ máa fi òmíràn rọ́pò.

Ẹ̀rí pé ẹ́ńsáìmù lásán lè jẹ ẹ̀dọ̀fóró wá láti ara ìbẹ́pẹ. Ní nǹkan bí àkókò kan náà tí àwọn ará Malmö ń ṣe tiwọn, Paul Gross àti àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ ní Pittsburgh ní Amẹ́ríkà fi papain, ẹ́ńsáìmù inú oje ìbẹ́pẹ, sínú ẹ̀dọ̀fóró àwọn ẹranko, emphysema ló sì dá sílẹ̀. Ẹni tó bá ti fi ìbẹ́pẹ tútù se ẹran tó le rí kò nílò olùkọ́ lórí èyí.

Títí di ibí yìí, ọ̀rọ̀ náà dà bí ohun tó yanjú: purotéènì kò tó, ẹ̀dọ̀fóró sì ń bàjẹ́. Àmọ́ ní 1969, Harvey Sharp àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Minnesota kọ̀wé nípa àwọn ọmọdé tí ẹ̀dọ̀ wọn ti le gbagidi, tó ti kún fún àpá, tó jẹ́ pé purotéènì kan náà ni kò sí lára wọn. Àwọn ọmọ yìí kò mu sìgá, wọn kò mu ọtí. Kí ló kan ẹ̀dọ̀ nínú ìjà tí wọ́n ń jà nínú àyà?

Ìdáhùn wà nínú ẹ̀dọ̀ fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá gé bíńtín lára rẹ̀, tí wọ́n fi aró kun ún, tí wọ́n sì gbé e sábẹ́ awò asọhun-kékeré-di-ńlá, wọ́n á rí àwọn nǹkan róbótó róbótó tó pọ́n bí osùn nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì, òmíràn tín-ín-rín, òmíràn tóbi tó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ gba gbogbo àyè. Antitrypsin gan-an ni. Ẹ̀dọ̀ ń ṣe é. Kò ríbi jáde ni. Purotéènì yìí jẹ́ àmínò ásíìdì 394 tó so kọ́ra. Nínú irú èyí tí wọ́n ń pè ní Z, ẹyọ kan ṣoṣo ló yí padà, èyí tó wà ní ipò 342, ìyẹn sì tó láti jẹ́ kó má lè ká ara rẹ̀ jọ bó ṣe yẹ. Ní 1992, David Lomas àti Carrell fi hàn pé okùn ìjẹ ti ẹyọ kan máa ń há sínú ara ẹyọ kejì, ti ẹ̀kejì á há sínú ẹ̀kẹta, títí wọn yóò fi di ẹ̀wọ̀n gígùn tí sẹ́ẹ̀lì kò lè tú sílẹ̀. Mo rò pé ibí ni ọgbọ́n inú àrùn yìí wà. Okùn tó ń já fòì láti mú elastase náà ló ń há. Bí kò bá yára já, kò ní wúlò. Bó sì ti ń yára já yìí, ṣíṣì bíńtín kan ti tó láti sọ ọ́ di ìdènà.

Nínú purotéènì tó yẹ kó dé inú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó jogún Z lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá, bí ìdá 10 sí 15 nínú 100 péré ló ń débẹ̀. Ẹ̀dọ̀fóró ń jìyà àìní, ẹ̀dọ̀ ń jìyà àníjù. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ń ṣiyèméjì pé ọ̀nà méjì ni ìbàjẹ́ náà ń gbà, kó wo àwọn ènìyàn díẹ̀ tí àbùdá wọn kò ṣe antitrypsin kankan rárá. Ẹ̀dọ̀fóró wọn máa ń bàjẹ́ kíákíá, ẹ̀dọ̀ wọn sì wà pẹ̀lú àlàáfíà rẹ̀, torí pé kò sí nǹkan tó kó jọ síbẹ̀.

Èyí kò sọ pé gbogbo ẹni tó ní Z méjì ni ẹ̀dọ̀ rẹ̀ máa bàjẹ́. Láàárín 1972 sí 1974, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ tuntun 200,000 wò ní Swídìn, lábẹ́ Tomas Sveger. Nǹkan bí 120 nínú wọn ló ní Z méjì, ìyẹn ọ̀kan nínú bí 1,600. 14 nínú wọn ni ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ mú tí kò tètè lọ, díẹ̀ nínú wọn ló sì wá burú. Àwọn yòókù jẹun, wọ́n dàgbà, wọ́n lọ sílé ìwé. Ohun tó ń yan ọmọ kan fún ìyọnu tó sì ń dá èkejì sí kò tíì hàn tán.

Ọmọ Yorùbá tó bá ti gbé ìwé jẹ́nótáìpù lọ fún àlùfáà kí wọ́n tó so wọ́n pọ̀ ti mọ bí ìṣirò yìí ṣe ń lọ. Dípò A àti S tiwa, M, S àti Z ni lẹ́tà tibí. M ni èyí tó pé. Ẹni tó jẹ́ MM kò ní wàhálà. Ẹni tó jẹ́ MZ ní bí ìdá 60 nínú 100 ohun tó yẹ kó ní, ó sì sábà máa ń tó o. Tọkọtaya tí àwọn méjèèjì jẹ́ MZ lè bí ZZ, lọ́nà kan nínú mẹ́rin, gẹ́gẹ́ bí AS méjì ṣe lè bí SS. Ìbátan àárín wọn tún jìn ju ìṣirò lọ. Ohun tó sọ ẹ̀jẹ̀ A di S ni pé wọ́n mú glutamic acid kúrò, wọ́n fi valine sípò rẹ̀. Pàṣípààrọ̀ yẹn gan-an ló sọ antitrypsin M di S, ní ipò 264. Bí ó bá jẹ́ lysine ni wọ́n fi rọ́pò glutamic acid, a ó ní ẹ̀jẹ̀ C, tó wọ́pọ̀ láàárín Yorùbá ju láàárín ọ̀pọ̀ ẹ̀yà yòókù ní Nàìjíríà. Nínú antitrypsin, pàṣípààrọ̀ yẹn ló bí Z. Àmọ́ kí a má fi èyí dá ara wa níjì. Z kì í ṣe ti ilé wa. Àwọn tó ń ṣèwádìí gbà pé àríwá Yúróòpù ló ti jáde ní nǹkan bí 2,000 ọdún sẹ́yìn. Gúúsù Scandinavia àti Latvia ló pọ̀ sí jù, nígbà tí S pọ̀ ní Sípéènì àti Pọ́túgàl. Láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú, ó ṣọ̀wọ́n gidigidi. Dókítà kan lè ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn títí yóò fi fẹ̀yìn tì kó má fojú kan ẹyọ kan. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n bí sí òkè òkun, tí bàbá tàbí ìyá wọn jẹ́ òyìnbó, ni ọ̀rọ̀ náà lè kàn.

Sìgá ni mo fẹ́ dúró lé lórí báyìí, torí pé òun ló pín àwọn tó ni àrùn yìí sí ọ̀nà méjì. Ní ipò 358, lójú ibi tí elastase ti ń bu ìjẹ jẹ gan-an, methionine ló wà níbẹ̀. Èéfín sìgá máa ń sọ methionine yẹn di ohun mìíràn, ẹ̀bìtì náà kò sì ní pa nǹkan mọ́. Èéfín kan náà ló tún ń pe neutrophil wá sínú àyà, pẹ̀lú elastase wọn. Ẹni tó jẹ́ ZZ tó tún ń mu sìgá ń fi díẹ̀ tó ní ṣòfò, ó sì ń pe ọ̀tá wá sórí ara rẹ̀. Wọ́n rí i ní Swídìn ní àwọn ọdún 1970 pé àwọn tó ń mu sìgá nínú wọn máa ń bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle ní nǹkan bí ọmọ 40 ọdún, tí àwọn tí kò mu rí máa ń kọjá 50 kó tó bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan tó jẹ́ ZZ, tí wọn kò fẹnu kan sìgá rí, ló darúgbó láìmọ̀ pé ohunkóhun ṣe wọ́n. Ìgbà tí wọ́n ń yẹ àwọn mọ̀lẹ́bí aláìsàn kan wò ni wọ́n tó rí wọn. Nítorí náà, bí àwọn kan ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àjogúnbá, bí ẹni pé ìdájọ́ ti jáde láti inú oyún, kò tọ̀nà níbí. Àbùdá ló pinnu iye tí wọ́n kó lé ènìyàn lọ́wọ́. Bí yóò ṣe tètè tán jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ìtọ́jú tó wà ń bá ọ̀rọ̀ yìí mu, ó sì ń fi ibi tí agbára oníṣègùn mọ hàn. Láti 1987 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà pé kí wọ́n máa yọ antitrypsin láti inú ẹ̀jẹ̀ tí àwọn ènìyàn fi tọrẹ, kí wọ́n máa fà á sí iṣan aláìsàn lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, mìlígíráàmù 60 fún kílò kọ̀ọ̀kan tó wọ̀n. Lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni, torí pé purotéènì náà kì í pẹ́ nínú ẹ̀jẹ̀ kó tó lọ sílẹ̀. Owó rẹ̀ pọ̀ kọjá sísọ, àwọn orílẹ̀-èdè kan sì kọ̀ láti san án. Ìwádìí kan tí wọ́n ṣe fún ọdún méjì, pẹ̀lú ènìyàn 180, tó jáde ní 2015, lo àwòrán CT láti wo bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe kún tó. Ó hàn pé ẹ̀dọ̀fóró àwọn tó gba oògùn náà ń ṣófo díẹ̀díẹ̀ ju ti àwọn tí kò gbà á lọ. Ṣùgbọ́n ó ṣì ń ṣófo. Ògiri àpò afẹ́fẹ́ tó ti bàjẹ́ kì í hù padà, oògùn yìí kò sì kan ẹ̀dọ̀ rárá, torí pé èyí tó há síbẹ̀ ṣì há síbẹ̀.

Pípààrọ̀ ẹ̀dọ̀ nìkan ló ń mú gbòǹgbò rẹ̀ kúrò. Ẹ̀dọ̀ tuntun ń ṣe purotéènì ẹni tó fi í tọrẹ, ẹni tó jẹ́ ZZ látọjọ́ tí wọ́n ti bí i á wá ní M nínú ẹ̀jẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń ṣe irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ àfi tí ẹ̀dọ̀ bá ti bàjẹ́ tán. Láìpẹ́ yìí ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í dán oògùn kan wò tó ń dá ẹ̀dọ̀ lẹ́kun kó má ṣe Z mọ́, èyí tó kó jọ sínú sẹ́ẹ̀lì sì ń dín kù. Ní 2025, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ti tún lẹ́tà àbùdá tó ṣì náà ṣe lára àwọn ènìyàn díẹ̀. Bí èyí bá dúró, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí àìní àti àníjù yóò gba ìwòsàn kan náà láìpààrọ̀ ẹ̀dọ̀. Ó ṣì tètè jù láti jó sí i.

Nígbà tó jẹ́ pé kò sí oògùn tó ń dá èémí tó ti lọ padà, ohun tó kù ni kí wọ́n tètè mọ̀. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kékeré kan ti tó, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì ti dábàá láti 1997 pé kí wọ́n máa ṣe é fún gbogbo ẹni tí àrùn ẹ̀dọ̀fóró tó ń dí èémí bá ti wọ̀ lára. Wọn kì í sábà ṣe é. Wọ́n á ní ásímà ni, wọ́n á ní sìgá ló fà á, ọ̀pọ̀ ọdún á sì kọjá láàárín ìgbà tí aláìsàn kọ́kọ́ mí gúlegúle àti ìgbà tí ẹnì kan tó dá orúkọ Z. Síbẹ̀, àmì kan wà tó yẹ kó jí oníṣègùn: sìgá lásán sábà máa ń jẹ òkè ẹ̀dọ̀fóró, àìtó antitrypsin sábà máa ń jẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Àwọn ará Swídìn tó kọ́kọ́ gbìyànjú àtitètè mọ̀ kò lè bá a lọ. Ọdún méjì péré ni àyẹ̀wò àwọn ọmọ tuntun náà fi wà kí wọ́n tó dá a dúró, torí pé ìròyìn náà ń kó àwọn òbí kan sí ìdààmú ọkàn tó lágbára. A kò lè dá àwọn òbí náà lẹ́bi. Ọmọ jòjòló ni wọ́n gbé dání, wọ́n sì ń sọ fún wọn nípa ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nígbà tó bá di ẹni ogójì ọdún. Àmọ́ wọn kò gbàgbé àwọn ọmọ yẹn. Wọ́n ń yẹ̀ wọ́n wò títí wọ́n fi sún mọ́ ogójì ọdún. Nígbà náà, èémí àwọn tí kò mu sìgá rí ṣì pé bíi ti ẹgbẹ́ wọn, nígbà tí ti àwọn tó ti mu ún ti bẹ̀rẹ̀ sí í já.